Ẹgbẹ́ Rotary, Àwọn Mọ́sálásí Wa àti Àrùn Rọmọlápá-Rọmọlẹ́sẹ̀

Nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a wà yìí, àwọn òdòdó kéékèèké aláwọ̀ elésè àlùkò máa ń yọ orí jáde ní etí ọ̀nà àti ní àwọn ọgbà ìgbafẹ́. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó hù fúnra rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Rotary gbìn, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ yan àwọ̀ náà ni. Òun ni àwọ̀ tàdáwà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fi ń kun ìka ọmọdé tí ó bá ti gba oògùn àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, kí wọ́n má baà fún un ní ìlọ́po méjì lọ́jọ́ kan.

Àwa tí a bí ọmọ ní Nàìjíríà, tàbí tí a dàgbà níbẹ̀, mọ ìka yẹn dáadáa. A mọ ìkànkùn òwúrọ̀, a mọ àwọn obìnrin tí wọ́n gbé kúlà kọ́ èjìká, a mọ ẹfun tí wọ́n fi ń kọ àmì sára ògiri kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀ pé wọ́n ti dé ilé náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni ọ̀nà tí kúlà yẹn gbà dé èjìká wọn. Ìtàn náà gùn, ó sì kan àwọn mọ́sálásí àti àwọn àáfà ju bí a ti rò lọ. Apá kan nínú rẹ̀ kò dùn ún sọ.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 1905, agbẹjọ́rò kan tí ń jẹ́ Paul Harris bá àwọn ọkùnrin mẹ́ta jókòó ní ọ́fíìsì ọ̀kan nínú wọn ní ìlú Chicago. Ọ̀kan ń ta èédú, ọ̀kan jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ìwakùsà, ẹ̀kẹta jẹ́ oníṣòwò aṣọ rírán. Ìlú kékeré ní ìpínlẹ̀ Vermont ni Harris ti dàgbà. Ní Chicago ó rí oníbàárà, ṣùgbọ́n kò rí ará. Ẹni tí ó bá ti gbé ìlú òkèèrè rí kò ní béèrè àlàyé lọ́wọ́ wa lórí èyí. Wọ́n fi ìpàdé náà sí yíyípo, láti ọ́fíìsì ẹnì kan dé ti ẹnì kejì, inú yíyípo yẹn ni wọ́n sì ti mú orúkọ Rotary. Kí a má parọ́, iṣẹ́ àánú kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ torí rẹ̀ péjọ. Wọ́n fẹ́ kí oníṣòwò mọ oníṣòwò, kí wọ́n sì máa ra ọjà lọ́wọ́ ara wọn.

Iṣẹ́ ìlú àkọ́kọ́ tí wọ́n dáwọ́ lé, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Nígbà náà, ọkùnrin tí ó bá nílò rẹ̀ láàrin ìlú Chicago ní láti wọ ilé ọtí, wọn a sì retí pé kí ó ra ọtí. Obìnrin ní láti wọ ilé ìtajà ńlá bí ẹni tí ó fẹ́ ra ẹ̀wù. Láti ọdún 1907 ni ẹgbẹ́ náà ti ń rọ ìjọba ìlú pé kí ó kọ́ èyí tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀ láìra ohunkóhun. Àwọn tí ń pọn ọtí bínú, àwọn onílé ìtajà náà bínú, nítorí ẹsẹ̀ oníbàárà ni wọ́n fẹ́ yí kúrò lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ẹgbẹ́ náà kéré, kò sì ní owó tí ó tó kọ́ ilé fún ìlú. Ohun tí ó ní ni ojúlùmọ̀: agbẹjọ́rò mọ aṣòfin, oníṣòwò mọ ẹgbẹ́ oníṣòwò mìíràn. Wọ́n pe àwọn ẹgbẹ́ yòókù jọ títí ìjọba ìlú fi gbà, a sì ṣí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà ní ọdún 1909. A mọ̀ pé àwọn ará yóò rẹ́rìn-ín sí ètò ìlú tí ó fi owó ọtí ṣe owó ibodè ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Síbẹ̀ ibẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ rí bí ẹgbẹ́ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́: ó ń mú ìwọ̀nba owó tirẹ̀ àti ojúlùmọ̀ púpọ̀ wá, a sì ń fi ìyẹn fa ọwọ́ àwọn tí agbára wọn pọ̀ jù ú lọ.

Owó náà kò tètè dé. Ní ọdún 1917 ni Arch Klumph, ààrẹ wọn, dá a lábàá pé kí wọ́n ní àpò kan tí wọn yóò máa fi ṣe ohun rere káyé. Owó tí ó kọ́kọ́ wọ inú àpò náà ní ọdún 1918, láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ Kansas City ní ìpínlẹ̀ Missouri, jẹ́ dọ́là 26 àti sẹ́ǹtì 50. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni àpò náà fi ń rá pálá. Nígbà tí Paul Harris kú ní oṣù kìíní ọdún 1947 ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó ní orúkọ rẹ̀, tí àpò náà sì kún.

Orílẹ̀-èdè Philippines ni ọ̀rọ̀ rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti wọlé. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1979, ààrẹ Rotary nígbà náà, James Bomar, kán oògùn sí ọmọ kan lẹ́nu ní ẹ̀gbẹ́ ìlú Manila, ìyẹn sì ni ìbẹ̀rẹ̀ ètò láti dáàbò bo ọmọ mílíọ̀nù 6 ní orílẹ̀-èdè náà. Oògùn yẹn kò gba abẹ́rẹ́, kò gba nọ́ọ̀sì. Ẹ̀kán méjì lórí ahọ́n ni. Ẹnikẹ́ni tí a bá kọ́ fún wákàtí díẹ̀ lè fún ọmọ, bí oògùn náà bá ṣáà ti wà nínú ìtutù. Èyí ni ó mú kí ẹgbẹ́ oníṣòwò àti agbẹjọ́rò rò pé iṣẹ́ náà ò ju agbára àwọn lọ. Ní ọdún 1985 wọ́n pe ètò náà ní PolioPlus, wọ́n ní àwọn yóò kó mílíọ̀nù dọ́là 120 jọ. Nígbà tí wọ́n péjọ sí Philadelphia ní ọdún 1988, mílíọ̀nù 247 ni wọ́n bá nínú àpò.

Ọdún 1988 yẹn náà ni ìpàdé àgbáyé lórí ìlera pinnu pé kí a mú àrùn náà kúrò lórí ilẹ̀ ayé pátápátá. Nígbà náà, nǹkan bí ọmọ 350,000 ni ó ń rọ lọ́dọọdún ní orílẹ̀-èdè 125. Wọ́n pín iṣẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ni ó mú ìmọ̀ ìṣègùn àti àwọn ilé àyẹ̀wò, UNICEF ni ó ń ra oògùn tí ó sì ń bá àwọn òbí sọ̀rọ̀, àjọ CDC ti Amẹ́ríkà ni ó ń rán àwọn onímọ̀ tí ń tọpa àrùn. Rotary mú owó wá, ó mú àwọn tí kò gba owó iṣẹ́ wá, ó sì mú ẹsẹ̀ tí ó lè wọ ọ́fíìsì mínísítà wá. Nígbà tí ó yá, àjọ Bill Gates náà dara pọ̀: bí Rotary bá mú dọ́là 1 wá, tiwọn a fi 2 lé e, títí dé mílíọ̀nù 50 tí Rotary ń dá lọ́dún.

Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti owó nìkan ni, ìtàn yìí ì bá ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ ni yóò ṣí ilẹ̀kùn, dọ́là kò sì lè ṣí i fún un.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2003, Jonathan Majiyagbe, agbẹjọ́rò àti ọmọ ẹgbẹ́ Rotary ti ìlú Kánò, di ààrẹ gbogbo Rotary lágbàáyé. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà, orúkọ rẹ̀ sì ń sọ Yorùbá ketekete. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìpínlẹ̀ Kánò tirẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ oògùn tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń dá owó fún láti ọdún 18 sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ tí ó gba ìgboro ni pé ohun kan wà nínú oògùn náà tí kò ní jẹ́ kí ọmọbìnrin bímọ lọ́la; àwọn mìíràn ní àrùn éèdì ni wọ́n fi sínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn kan, àti àwọn dókítà kan pẹ̀lú wọn, ní kí a dá a dúró títí a ó fi yẹ̀ ẹ́ wò. Kánò, Zamfara, Kàdúná àti àwọn ìpínlẹ̀ kan mìíràn lápá Àríwá dá a dúró. Ní Kánò, nǹkan bí oṣù mọ́kànlá ni ó gbà.

Ó rọrùn fún àwa tí a jókòó sí London tàbí Houston láti pe èyí ní àìmọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀. Ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn yírunyírun ń jà ní Kánò, ilé-iṣẹ́ Pfizer dán oògùn tuntun kan wò lára àwọn ọmọ ní ilé ìwòsàn ìlú náà. Àwọn ọmọ kan kú, àwọn òbí sì sọ pé a kò là á yé àwọn pé ìdánwò ni. Ilé-iṣẹ́ náà ní òun kò ṣẹ̀, ẹjọ́ náà sì fa gùn títí di ọdún 2009, nígbà tí ó fọwọ́ sí àdéhùn mílíọ̀nù dọ́là 75 pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò. Nítorí náà, ẹjọ́ yẹn ṣì wà nílẹ̀ ní ọdún 2003, àwọn ìyá ṣì rántí. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà wọ Ìráàkì. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá.

Ìbéèrè mìíràn tún wà, èyí tí ó dà bí ẹni pé ó le ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ibà ń pa ọmọ, inárun ń pa ọmọ, bàbá ọmọ sì ní láti san owó oògùn fún wọn. Kí ló dé tí àwọn àjèjì ń kan ilẹ̀kùn léraléra láti fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ ní oògùn àrùn kan ṣoṣo, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé kò tilẹ̀ rí rí? Ní tiwa, a gbà pé ìbéèrè náà tọ́, àwọn tí ó gbé owó náà wá kò sì gbọ́ ọ ní àkókò. Ọdún 2006 ni ìjọba Nàìjíríà tó ṣe àtúnṣe sí ètò náà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn ohun mìíràn bí oògùn aràn, ọṣẹ àti àjẹsára àwọn àrùn yòókù dání pẹ̀lú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ìbéèrè bá tọ́, ìdáhùn rẹ̀ kò yẹ kí ó gba oṣù mọ́kànlá. Ìkókó kò mọ̀ pé àgbà ń ṣe ìgbìmọ̀. Ọmọ 355 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà ní ọdún 2003. Ní ọdún 2004, wọ́n di 782. Ó sì gbéra kúrò nílé. Nǹkan bí orílẹ̀-èdè 20 tí wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni kòkòrò tí ó ti Nàìjíríà wá tún padà wọ̀.

Ohun tí ó parí ìjà náà yẹ kí Mùsùlùmí mọ̀. Wọ́n rán àwọn aṣojú lọ sí òkè òkun láti yẹ oògùn náà wò, níkẹyìn Kánò gbà láti lo èyí tí ilé-iṣẹ́ kan ní Indonéṣíà, orílẹ̀-èdè tí Mùsùlùmí pọ̀ sí jù lọ láyé, ṣe. Ní òpin oṣù keje ọdún 2004, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀, gómìnà ìpínlẹ̀ náà sì mú ọmọbìnrin tirẹ̀ jáde ní gbangba kí wọ́n kán oògùn sí i lẹ́nu. Ní oṣù kẹwàá, orílẹ̀-èdè 23 ní Áfíríkà jáde lẹ́ẹ̀kan náà láti wá ọmọ mílíọ̀nù 80 rí.

Ó ti bọ́ sórí fún àwọn kan. Ní oṣù kẹta ọdún 2005, ọmọ kan rọ ní ìwọ̀ oòrùn erékùṣù Java, ní Indonéṣíà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí àrùn náà láti ọdún 10. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ìdílé kòkòrò tí ó ti Nàìjíríà wá ni. Nǹkan bí ọmọ 300 ni ó mú níbẹ̀ kí wọ́n tó ká a lọ́wọ́ kò. Ilẹ̀ tí ó fún Kánò ní oògùn tí ọkàn rẹ̀ gbà ni àrùn Kánò lọ bá. Láti àkókò yẹn náà ni ìjọba Sáúdí ti ń béèrè ẹ̀rí àjẹsára lọ́wọ́ àwọn arìnrìn-àjò Háájì láti àwọn ilẹ̀ tí àrùn náà wà, tí wọ́n sì tún ń kán an sí wọn lẹ́nu bí wọ́n bá ti sọ̀kalẹ̀. Àwọn òbí wa tí wọ́n ṣe Háájì láti Nàìjíríà ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn yóò rántí àgbàlagbà tí ń la ẹnu bí ọmọdé ní pápákọ̀ òfuurufú Jẹ́dà.

Iṣẹ́ àtúnṣe gba ọdún púpọ̀, àwọn tí wọ́n sì ṣe é jù lọ kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ Rotary. Ní ọdún 2009, Súltáánì Sókótó, Muhammad Sa'ad Abubakar, àti àwọn ọba Àríwá yòókù gba ọ̀rọ̀ náà sọ́wọ́ ara wọn. Ìgbìmọ̀ wọn ń béèrè lọ́wọ́ olórí àdúgbò pé ilé wo ni ó kọ oògùn, àti pé kí ló fà á. Àwọn lèmọ́mù sọ̀rọ̀ níbi kútúbà Jímọ̀. Àwọn àáfà jẹ́ kí òṣìṣẹ́ wọ ilé kéú. Ẹgbẹ́ àpapọ̀ àwọn obìnrin Mùsùlùmí ní Nàìjíríà, FOMWAN, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1985 bíi PolioPlus fúnra rẹ̀, ti ní obìnrin ní àdúgbò gbogbo. Àwọn obìnrin ni ó ṣe kókó níhìn-ín, nítorí ọkùnrin àjèjì kò lè wọ ẹ̀yìn ilé àwọn ẹlẹ́hàá. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ láti al-Azhar ní Íjíbítì àti láti ìgbìmọ̀ fíkíhì àgbáyé ní Jẹ́dà wà nínú ìgbìmọ̀ tí ń ṣàlàyé fún ayé Mùsùlùmí pé kò sí ohun tí ó lòdì sí ẹ̀sìn nínú àjẹsára náà.

Ní ọjọ́ 8 oṣù kejì ọdún 2013, àwọn agbébọn yìnbọn pa ó kéré tán obìnrin mẹ́sàn-án lára àwọn tí ń pín oògùn náà ní Kánò. Ìwọ̀nba owó ojúmọ́ ni wọ́n ń gbà. Nínú gbogbo ayẹyẹ tí a ti ń fún àwọn olówó ní àmì ẹ̀yẹ lórí iṣẹ́ yìí, a kì í sáábà gbọ́ orúkọ wọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tún gbé kúlà padà sí èjìká.

Ọmọ 1,122 ni ó rọ ní Nàìjíríà ní ọdún 2006. Ní 2012 wọ́n jẹ́ 122, ní 2014 wọ́n jẹ́ 6.

Àwa Yorùbá tilẹ̀ jẹ nínú oore yẹn lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò rò. Ní oṣù keje ọdún 2014, ọkùnrin kan gbé àrùn Ẹ̀bólà láti Làìbéríà wọ Èkó. Ìlú tí èrò rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìyàn ikú ni gbogbo ayé ń retí. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ lórí rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni ìjọba kó wá sí Èkó: wọ́n mọ bí a ti ń tọpa ẹni tí ó bá aláìsàn jókòó, wọ́n mọ bí a ti ń ti ilé dé ilé, wọ́n sì ní ètò ibùdó ìdarí kan tí gbogbo ìròyìn ń dé. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní gbogbo Nàìjíríà, 8 sì kú, Dókítà Ameyo Adadevoh tí kò jẹ́ kí aláìsàn àkọ́kọ́ náà jáde wà lára wọn. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, a kéde pé ó ti tán. Owó tí àwọn kan dá ní Kansas tàbí ní Leeds nítorí ọmọ Kánò wà lára ohun tí ó gba Èkó là.

Ní ọdún 2016, àrùn náà tún yọjú lára ọmọ mẹ́rin ní Bọ́nò, ní àwọn abúlé tí ogun kò jẹ́ kí òṣìṣẹ́ dé. Lẹ́yìn wọn, kò sí mọ́. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020, láàrin àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà, a kéde pé Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ ojúlówó kòkòrò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀.

Ojúlówó ni a wí. Oògùn tí a ń kán sí ẹnu ní kòkòrò náà nínú, èyí tí a ti sọ di aláìlágbára. Ó ń bá ìgbẹ́ ọmọ jáde, bí ó bá sì bọ́ sí àdúgbò tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò ti gba àjẹsára, ó lè máa ti ara ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíràn títí yóò fi tún padà lágbára. Irú èyí ṣì wà ní Nàìjíríà, àwọn obìnrin sì ṣì ń gbé kúlà lọ láti dá a dúró.

Irú rẹ̀ náà ni wọ́n rí nínú omi ìdọ̀tí ìlà oòrùn àti àríwá London ní oṣù kejì sí ìkẹfà ọdún 2022. Àwọn àdúgbò wa ni ibẹ̀. Ní oṣù kẹjọ, ìjọba ní kí gbogbo ọmọ London tí ó wà láàrin ọdún 1 sí 9 wá gba àfikún àjẹsára, èyí tí í ṣe abẹ́rẹ́ níhìn-ín. Lẹ́tà náà dé ilé púpọ̀ nínú wa. Àwọn òbí kan mú un wá sí mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n ń béèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì tí ó wà nínú ìjọ ni ó sì jókòó tì wọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú.